Gbàgede Àjọni Kan ní Brussels

Gbogbo òpópónà ìlú Brussels ló ní orúkọ méjì. Lára pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ní oríta kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti rí i: èdè Faransé lórí ìlà kan, èdè Dutch lórí ìlà kejì. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Bruxelles lẹ́nu àwọn kan, ó ń jẹ́ Brussel lẹ́nu àwọn mìíràn, àwa tí a gba ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ sì fi ẹ̀kẹta lé e. Àlejò tó bá ń kánjú lè rò pé ìnáwó àṣedànù ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn kiri níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ohun tó wá yé mi ni pé àwọn ará ìlú náà ti gbà láti máa sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣìnà.

Ní ìlú yìí ni àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià oníṣísílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ sí open source, ti ń pàdé lọ́dọọdún. Sọ́fítíwià oníṣísílẹ̀ ni èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi ìlànà inú rẹ̀ pamọ́: ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù Android, lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fóònù náà dúró lé. FOSDEM ni orúkọ ìpàdé tí mò ń wí. Raphaël Bauduin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ OSDEM. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi lẹ́tà F ti òmìnira ṣíwájú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí òtútù ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù bá ń gbóná janjan, bí a bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa òtútù. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìforúkọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ta ni ẹ jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọlé bí ẹni ń wọ ọjà.

Mo lọ ní ọdún 2024, nígbà tó bọ́ sí ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 4 oṣù Kejì.

Bọ́ọ̀sì 71 ni ẹ ó wọ̀ láti àárín ìlú. Ó ń gba Porte de Namur kọjá, níbi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kí n lè rí Matongé. Orúkọ agbègbè kan ní Kinshasa ni àwọn ará Congo yá fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn ìsọ̀, ẹja gbígbẹ ń ta sánsán, àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n ń dirun fún ara wọn, tí èdè Lingala sì ń lọ lókè lókè. N kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ara mi sì balẹ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ ní gbogbo ìrìn àjò náà. Mo ra àgbàdo sísun, mo sì tún wọ bọ́ọ̀sì.

Ọgbà Solbosch ni ìpàdé náà ti ń wáyé, lábẹ́ yunifásítì ULB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1834. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe ilé tó wà nínú ọgbà náà: H, J, K, U. Ẹni tó bá retí gbọ̀ngàn olówó iyebíye yóò já kulẹ̀. Ìjókòó onípákó àtijọ́ ni, ọ̀nà ilé náà há, ilẹ̀ tutù fún omi òjò tó ń kán lára aṣọ òtútù àwọn ènìyàn. Láti ìdajì ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ti ń lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá kan sí òmíràn pé ó ti kún, ẹni tó bá sì dúró síta, ìta náà ni yóò wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní ilé K, tábìlì ni wọ́n tò tì ara wọn bí ìsọ̀ ọjà, ẹni tó ń ṣe ètò ìkọ̀wé jókòó ti ẹni tó ń ṣe ètò àwòrán, àti ti ẹni tó ń ṣe ìkànnì orin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí ahọ́n Jámánì, ahọ́n Faransé àti ahọ́n Íńdíà ti fọwọ́ bà. Tèmi náà ní ti Ìbàdàn nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Èmi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń ṣe ìwé ìtàn kékeré fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá. Àgbàlagbà lè rí “owo” láìsí àmì kankan, kó sì fi òye mọ̀ bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí òwò. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè ṣe é. Àmì ni yóò dì mú. Nínú ìwé tiwa, àmì ohùn kò jókòó sí ipò rẹ̀ lórí ọ àti ẹ. Lójú kọ̀ǹpútà kan, á yẹ̀ sí ọ̀tún bí fìlà tí atẹ́gùn fẹ́ gbà lórí onífìlà. Lójú òmíràn, á gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á tún gba ibòmíràn yọ.

Kò ṣòro láti ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà àwọn èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, á ní àyè tirẹ̀, ẹ náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún ẹ́. A ó kọ́kọ́ kọ ẹ, a ó sì wá fi àmì tó dá dúró lé e lórí. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì náà yóò ti kan lẹ́tà. Ètò kan tí ń jẹ́ HarfBuzz, tó ń to lẹ́tà nínú Android, Firefox, Chrome àti LibreOffice, ló ń ka ohun tí fọ́ǹtì sọ, tó sì ń gbé àmì sí ipò. (Ọ̀rọ̀ èdè Páṣíà ni wọ́n fi dá orúkọ náà.) Bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì yẹn, ètò mìíràn tí ń jẹ́ fontconfig lè yan fọ́ǹtì tí a ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pátákó ìtẹ̀wé: nínú xkeyboard-config, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux ń lò, ètò ìtẹ̀wé Yorùbá wà lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ètò tó ń ya ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn Pango fún àwọn kan, Qt fún àwọn mìíràn, yóò tó fi lẹ́tà hàn wá.

Ẹ ka iye ọwọ́ tí ẹ́ kan ṣoṣo gbà kọjá. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni ọwọ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ Yorùbá rí.

Bí oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì. Àwọn tó ṣe fọ́ǹtì ní kí n lọ bá àwọn tó ń to lẹ́tà. Àwọn tó ń to lẹ́tà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun tí fọ́ǹtì sọ ni àwọn ṣe. Àwọn tó ni ètò ìkọ̀wé ní àwọn kàn gba ohun tí wọ́n gbé fún àwọn ni. Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi nínú wọn, wọn kò sì ṣe àfojúdi sí mi. Olúkúlùkù dá mi lóhùn nípa yàrá tirẹ̀, àárín àgbàlá sì ni ohun tí mo ń wá wà.

Ìgbà tí ẹnì kan júwe gbàgede àjọni fún mi ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan, níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀ èdè kàn nínú onírúurú ẹgbẹ́ ti jọ ń jókòó. Mo gbé àwòrán kan síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́ta nínú àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níṣojú mi. Wọ́n rí i pé lẹ́tà wá láti inú fọ́ǹtì kan, àmì wá láti inú fọ́ǹtì mìíràn tí wọ́n yá, àwọn méjèèjì kò sì mọ ìwọ̀n ara wọn. Kò sí yàrá kan ṣoṣo tí ènìyàn ti lè rí ìyẹn. Bí wọ́n bá ń pín ẹ̀bi, kò bá má tán títí di òní.

Èrò irú gbàgede bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Oṣù Kẹta ọdún 2000 ni Havoc Pennington dá freedesktop.org sílẹ̀, kí àwọn tó ń ṣe KDE àti àwọn tó ń ṣe GNOME, tí àwọn ènìyàn kà sí orogún, lè ní ibi tí wọn yóò ti fẹnu kò lórí ohun tó kan àwọn méjèèjì. Orogún kò níláti fẹ́ràn ara wọn kí wọ́n tó jọ lo kànga kan. Abẹ́ òrùlé yẹn ni fontconfig àti xkeyboard-config wà. HarfBuzz náà gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Gbàgede ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, ní yunifásítì ìlú Oulu ní ìhà àríwá Finland, Jarkko Oikarinen kọ ètò kan tí a ń pè ní IRC, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbà bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú ìkànnì tí orúkọ rẹ̀ ń fi àmì # bẹ̀rẹ̀. Àmì # tí ẹ fi ń ṣọdún lórí ìkànnì ayélujára lónìí, ibẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ti rí i. Àwọn ẹgbẹ́ sọ́fítíwià oníṣísílẹ̀ wá kó jọ sórí ibùdó IRC kan tí ń jẹ́ Freenode, tí Rob Levin pilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, mọ́tò gbá ọkùnrin náà lórí kẹ̀kẹ́ ní Houston, ó sì kú. Àwọn olùyọ̀ǹda tó kù kò jẹ́ kí ibùdó náà tú. Ẹni tó ń ṣe Ubuntu, ẹni tó ń ṣe Gentoo, ẹni tó ń ṣe Wikipedia, gbogbo wọn wà níbẹ̀, èèyàn sì lè fi orúkọ kan ṣoṣo wọ ìkànnì ogún lóòjọ́. Ẹni tó bá ní ìṣòro kò nílò ju kó bọ́ láti ìkànnì kan sí èkejì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bójú tó Freenode kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ papọ̀, nítorí àríyànjiyàn lórí ẹni tó ní àṣẹ lórí ibùdó náà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣí ibùdó tuntun, Libera.Chat, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Sweden gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹ́ lórí ẹgbẹ́ ti di ẹrù wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe ẹ̀rí pé gbàgede àjọni kò dára, pé kí olúkúlùkù kọ́ ilé tirẹ̀. Èmi kò gbà. Àwọn ènìyàn náà mọ ara wọn, ohùn ara wọn ò ṣàjèjì sí wọn. Ìyẹn ló mú kí wọ́n lè ṣí lọ lápapọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì béèrè rẹ̀ ṣáájú ìjà.

Ní Brussels, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ọdún tí mo lọ ni ti afárá. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti fi IRC sílẹ̀ lọ sórí Matrix. Mozilla, fún àpẹẹrẹ, ti ti ibùdó IRC tirẹ̀ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Matrix ní ànfààní tí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà kò lè fojú kéré. Lórí IRC, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn tí iná lọ tàbí tí dátà tán ti kọjá lórí yín nìyẹn, àfi tí ẹ bá ní ohun èlò mìíràn tó ń bá yín pa á mọ́. Lórí Matrix, ẹ ó padà bá a nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè ní sáfà tirẹ̀ lórí Matrix, síbẹ̀ kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀, bí agboolé tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó sì wà ní àdúgbò kan náà. Afárá wà tẹ́lẹ̀ tó so sáfà Matrix.org mọ́ Libera.Chat, kí ẹni tó wà ní ìhín lè máa gbọ́ ẹni tó wà ní ọ̀hún. Wọ́n ti afárá náà pa ní ọdún 2023. Nígbà tí mo dé ilé K, àwọn tó jókòó ní tábìlì tó kan ara wọn ń bi ara wọn pé, “Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?” Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn wà nínú rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́rin ni mo wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Ìkan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan lè lo oṣù méjì lórí ìṣòro tí ará Ìjẹ̀bú ti yanjú lọ́dún tó kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kò ṣe é wá lórí Google, bí fóònù bá sì bàjẹ́ ó lè bá a lọ. Kì í ṣe pé a kò mọ iṣẹ́ náà. Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom ti dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018, wọ́n sì ṣe àjọ̀dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ènìyàn wa ti pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni a ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún mi, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ló yẹ kó wà ní Brussels. Òun ló mọ fọ́ǹtì jù nínú wa. Ilé iṣẹ́ aṣojú tó kọ̀wé sí kò fún un ní físà, wọn kò sì sọ ìdí kan tó nítumọ̀. Ó jókòó sí Abẹ́òkúta, ó ń wò wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n máa ń gbé àwòrán yàrá ìpàdé kọ̀ọ̀kan jáde tààrà. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí olùbánisọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí bí a ti ń to lẹ́tà, ẹni tó ń darí ètò gbójú sókè láti ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ ó ní ìbéèrè kan wà láti inú gbàgede. Ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi ni. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi lè yá lẹ́tà àti àmì papọ̀ láti inú fọ́ǹtì kan náà, dípò kí wọ́n yá àmì nìkan. Olùbánisọ̀rọ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìbéèrè tó dára ni, pé kí ẹni tó béèrè rẹ̀ dúró de òun. Lẹ́yìn ìpàdé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fi àtàǹpàkò dá a lóhùn lórí fóònù, pọ̀tétò díndín rẹ̀ sì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró tì í. Bí ẹnì kan bá dá gbàgede yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú nìkan, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ láé.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn olùyọ̀ǹda bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn iná, wọ́n ń kó ife ọtí tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ń to tábìlì padà. A bá wọn gbé díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì náà fi iṣẹ́ tó ti ṣe hàn mí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀: àmì náà ti wà lórí ọ̀, ó dúró gbọn-in. Ti ẹ́ ṣì yẹ̀ díẹ̀ bí a bá kọ ọ́ gàdàgbà. Ó béèrè lọ́wọ́ mi kí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ túmọ̀ sí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi ní kó fi máa dán an wò nìyẹn, ó sì ti kọ ọ́ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo fi ọ̀nà ilé gígùn tí a dúró sí ṣe àpèjúwe. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ àlàyé náà sínú gbàgede kí àwọn yòókù lè kà á. Ẹnì kan ní Jámánì béèrè bóyá àmì tó wà lórí rẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà. Kí n tó yọ fóònù mi jáde, ọ̀rẹ́ mi ní Abẹ́òkúta ti ń dá a lóhùn.